Wọ́n dá ọlọ́pàá tó yìnbọn pa Chris Kaba sílẹ̀: kí ni ìdájọ́ náà sọ, kí ni kò sọ?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ni mò ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 19. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọlọ́pàá tó pa Chris Kaba sílẹ̀ ni inú ti ń bí i. Ó ti lọ síbi ìwọ́de, ó sì ń sọ ọ́ kiri pé ìjọba ti fún ọlọ́pàá láṣẹ láti máa pa àwọn ọmọ dúdú. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ní jàǹdùkú lọmọ tó kú, pé kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un. Mi ò mọ ti ta ni kí n gbà. Ní Èkó, wọ́n dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá tó pa lọ́yà aboyún ọjọ́ kan. Kí ló dé tí ti Lọ́ńdọ̀nù fi yàtọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi?"

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òfin ti sọ pé ó dára bí wọ́n ṣe pa ọmọ náà, ẹ fẹ́ mọ ẹni tó jàre nínú bàbá àtọmọ, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Kí n ti orí àwọn méjèèjì tó wà nílé yín bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí ilé-ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́, ni wọ́n jọ ń dáhùn. Ibẹ̀ náà ni ariwo tó gba ìgboro kan lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn ti ṣẹ̀ wá. Òfin England àti Wales ni mò ń sọ o, ti Scotland yàtọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní òpópónà Kirkstall Gardens ní Streatham Hill, àwọn ọlọ́pàá oníbọn dá ọkọ̀ Audi Q8 kan dúró. Ọkọ̀ náà ni wọ́n ń wá, torí wọ́n so ó mọ́ ìbọn kan tó dún ní Brixton lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọn kò mọ ẹni tó ń wà á. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tí kò ní àmì lára ló ń tẹ̀ lé e bọ̀, kò tan iná, kò fun fèrè. Ìgbà tí Audi náà yà sí òpópónà yẹn ló rí ọkọ̀ ọlọ́pàá mìíràn níwájú. Wọ́n há a mọ́ àárín. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ tìbọn-tìbọn, wọ́n ń pariwo. Awakọ̀ náà wà á síwájú, ó wà á sẹ́yìn, ó ń gbá ọkọ̀ ọlọ́pàá àti Tesla kan tí wọ́n páàkì síbẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Martyn Blake, tó dúró níwájú ọkọ̀ náà, yin ọta ẹyọ kan gba inú dígí iwájú, ó sì ba Chris Kaba, ọmọ ọdún 24, lórí. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí nínú ọkọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan Blake. Ìgbẹ́jọ́ wáyé ní Old Bailey, ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn júrì sì dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ 21 oṣù náà, lẹ́yìn tí wọ́n jókòó lé e fún bíi wákàtí mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó jiyàn pé Blake ló yìnbọn, kò sì sẹ́ni tó ní ìbọn ṣèèṣì dún mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ohun tó sọ ni pé òun gbà pé ọkọ̀ yẹn fẹ́ tẹ ẹlẹgbẹ́ òun pa. Abala 3 òfin Criminal Law Act ti 1967 àti abala 76 òfin Criminal Justice and Immigration Act ti 2008 ló ń darí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni wọ́n sì ní kí júrì wò. Àkọ́kọ́, ṣé lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ewu wà? Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í: kò dandan kí ewu wà ní ti gidi. Bó bá tiẹ̀ ṣìnà, níwọ̀n ìgbà tó bá ti gbà á tọkàntọkàn, bí nǹkan ṣe rí lójú tirẹ̀ ni òfin máa fi wò ó. Ìkejì, ká ní ó rí bó ṣe rò ó, ṣé ohun tó ṣe mọ níwọ̀n? Níbí náà, òfin ní kí júrì rántí pé ẹni tí ewu ká mọ́ kò ráyè fi òṣùwọ̀n wọn agbára tó fẹ́ lò.

Èyí tó tún wúwo jù ni pé kì í ṣe Blake ni ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ mú un dá júrì lójú ṣáká pé ọ̀rọ̀ ìgbèjà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ní àga júrì tó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "ó jọ pé ọkùnrin yìí kánjú, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà," òfin ní kí ó sọ pé kò jẹ̀bi. Ẹni tó gbà pé akọni ni Blake, ohun kan náà ló máa sọ. Àwọn méjèèjì á jọ jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á jáde lẹ́nu wọn, a ò sì ní mọ èwo ni èwo, nítorí pé júrì kì í sọ ìdí, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tú ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ síta. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá wí fún yín pé "júrì ti gbà pé ó tọ́ bó ṣe yìnbọn," èrò ọkàn ara rẹ̀ ló ń sọ. Bí ẹlòmíì bá tún ní "torí pé dúdú lọmọ náà ni," kò wọ inú yàrá yẹn, èmi náà kò wọ̀ ọ́.

Ẹ wo bí ẹ̀rí ṣe máa ń rí ní irú ẹjọ́ yìí. Olùpẹ̀jọ́ gbé fọ́nrán kámẹ́rà àyà àwọn ọlọ́pàá kalẹ̀, wọ́n ń wò ó fínnífínní, ó sì ní nígbà tí ìbọn dún, ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tó ń bọ̀ wá lu ẹnikẹ́ni níwájú, pé ohun tí Blake sì kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà kò bá ohun tí fọ́nrán fi hàn mu. Ẹ̀rí gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a wò lẹ́ẹ̀mẹwàá lórí tábìlì, tí a ń dá a dúró, tí a ń dá a padà, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni fún ẹni tó wà lójú pópó, ojú ẹni yẹn sì ni òfin ní kí júrì fi wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n jẹ́rìí pé ẹ̀rù ba àwọn náà, pé ìbá jẹ́ àwọn, àwọn ìbá yìn ín. Ẹni tó kú kò lè wá sọ tirẹ̀. Àìdọ́gba yìí wà nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n bá ti pa ènìyàn, ó sì burú jù bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá nìkan ló yí ẹni tó kú ká.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹ̀rí yìí kì í ṣe ẹnu lásán, ẹ wo ti Azelle Rodney. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2005 ni ọlọ́pàá Anthony Long yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ọta mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí adájọ́ Sir Christopher Holland darí sọ ní 2013 pé kò sí ìdí kankan lábẹ́ òfin fún ìbọn yẹn. Wọ́n wá gbé Long lọ síwájú júrì, júrì sì dá a sílẹ̀ ní 2015. Ìwádìí ń béèrè pé èwo ló ṣeé gbàgbọ́ jù, júrì sì ní láti rí i pé ó dá àwọn lójú. Èrò tèmi ni pé òfin tó fún ọlọ́pàá oníbọn ní ọ̀pá kan náà tí a fi ń wọn onílé tí olè ká mọ́lé ti fún un láyè púpọ̀ jù, torí pé ọlọ́pàá gba ẹ̀kọ́, ìjọba ló sì gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn jù mí lọ kò gbà bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gbà láti gbé ìbọn bí àṣìṣe kan bá lè sọ ọ́ di apànìyàn.

Ó ku ti ọkọ yín. Lọ́jọ́ kejì ìdájọ́ ni ilé-ẹjọ́ ká èèwọ̀ kúrò lórí ìròyìn, gbogbo ìwé ìròyìn sì gbé e pé wọ́n ka Kaba mọ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní 67, àti pé ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú, wọ́n ní ó yìnbọn lu ènìyàn kan ní ilé ijó kan ní Hackney. Láàárín wákàtí 24, àánú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yí padà. Àwọn kan ní adájọ́ fi òótọ́ pa mọ́ fún júrì, àwọn mìíràn ní ìjọba fẹ́ ba òkú lórúkọ jẹ́ ni. Ìdí tí júrì kò fi gbọ́ ọ rọrùn: Blake kò mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó yìnbọn kò lè jẹ́ ìdí tó fi yìn ín. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ló yá ọkọ̀ yẹn wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbọn kan náà ni ì bá bà á. Ìròyìn yẹn lè ṣàlàyé ìdí tí Kaba fi ń wá ọ̀nà àtisá, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa bóyá ó tọ́ láti yìnbọn.

Ọmọ yín náà ní ibi tó ti ṣì í, bẹ́ẹ̀ ló sì ní ibi tó ti jàre. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fún ọlọ́pàá láṣẹ ìpànìyàn ni, wọn kì bá tí fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn yẹn gan-an ló mú kí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá oníbọn ní Lọ́ńdọ̀nù dá ìwé àṣẹ ìbọn wọn padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tó fi di pé wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun wà ní sẹpẹ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1999 ni wọ́n pa Harry Stanley ní Hackney, tí wọ́n rò pé ẹsẹ̀ tábìlì tó gbé sínú àpò jẹ́ ìbọn. Nígbà tí ìwádìí ikú rẹ̀ wá parí ní 2004 sí pé wọ́n pa á láìtọ́, àwọn ọlọ́pàá oníbọn gbé ìbọn wọn sílẹ̀ bákan náà, ilé-ẹjọ́ gíga sì fagi lé ìparí yẹn lọ́dún kejì. Nítorí náà bí ọmọ yín bá ní àwọn ọlọ́pàá ní agbára tí ìdílé olóògbé kò ní, kò pa irọ́. Ìròyìn Baroness Casey, tí wọ́n ní kó wádìí ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Met, èyí tó jáde ní oṣù kẹta 2023, náà sọ pé ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà wà nínú ètò Met fúnra rẹ̀, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀ka oníbọn wọn. Ẹni tó dàgbà sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ti dá dúró tú àpò rẹ̀ wò láìmọye ìgbà, kì í ṣe ẹjọ́ Blake nìkan ló ń gbé lọ síbi ìwọ́de. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìdájọ́ ni Yvette Cooper, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, kéde pé wọn kò ní máa dárúkọ ọlọ́pàá oníbọn tí wọ́n bá fẹ̀sùn irú èyí kàn àyàfi tí wọ́n bá dá a lẹ́bi. Ẹ lè fojú inú wo bí ìyẹn ṣe rí létí ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ti Èkó yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2022 ni wọ́n yìnbọn pa Bolanle Raheem nínú ọkọ̀ ní Ajah, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2023 sì ni Adájọ́ Ibironke Harrison dá ASP Drambi Vandi lẹ́bi, ó ní kí wọ́n yẹgi fún un. Kò sí júrì níbẹ̀: adájọ́ kan ló gbọ́ ẹjọ́, ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sì lè kà á. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ Vandi jẹ́rìí lòdì sí i. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọkọ̀ tí ìdílé Raheem jókòó sí fẹ́ tẹ ènìyàn pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ọlọ́pàá ló ń jẹ̀bi nílé. Ẹ̀mí mẹ́fà tí ọlọ́pàá pa ní Apo, Abuja, ní oṣù kẹfà 2005, oṣù kẹta 2017 ni ìdájọ́ tó dé: wọ́n dá ọlọ́pàá méjì lẹ́bi, wọ́n dá mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀gá tó ga jù nínú wọn sì wà lára àwọn mẹ́ta yẹn.

Ṣé ó ti parí? Ní ti ẹ̀sùn ìpànìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tán. Olùpẹ̀jọ́ kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ júrì. Criminal Justice Act ti 2003 fàyè gba kí wọ́n tún ẹjọ́ ìpànìyàn gbọ́ bí ẹ̀rí tuntun tó lágbára bá yọjú, ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́nrán ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ibi tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yóò ti wá. Ìwádìí ikú níwájú kọ́rónà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìdájọ́ tó ń wádìí ohun tó pa ènìyàn, ṣeé tún bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì dára níbẹ̀ ni pé wọ́n lè béèrè ohun tí júrì kò béèrè: ta ló ṣètò ìdádúró yẹn, kí ló dé tí wọn kò tan iná, ta ló ní kí wọ́n sé ọkọ̀ mọ́ irú ibi tóóró bẹ́ẹ̀? Àmọ́ òfin kò gbà kí ìparí kọ́rónà tako ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pe Blake ní apànìyàn.

Ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù, tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀, ni ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú. Ní 1998, ọlọ́pàá yìnbọn pa James Ashley ní Sussex, ìhòòhò ló wà, kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ ní 2001. Ní 2008, ilé-ẹjọ́ tó ga jù gbà kí ìdílé rẹ̀ tẹ̀síwájú láti pe ọ̀gá ọlọ́pàá Sussex lẹ́jọ́, nítorí pé nínú irú ẹjọ́ yìí, ẹrù ẹ̀rí ń ṣí kúrò lọ́rùn ẹni tó ń pẹjọ́ bọ́ sọ́rùn ẹni tó yìnbọn, kò sì tó kó kàn gbà á tọkàntọkàn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó bọ́gbọ́n mu láti gbà á. Àkókò rẹ̀ kò gùn: ọdún kan ni fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọdún mẹ́ta fún ti ikú, adájọ́ ló sì lè fi kún un. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù tún sọ ní oṣù keje 2023, lórí ikú Jermaine Baker, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa, pé òṣùwọ̀n kan náà ni kí wọ́n fi wo ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Òṣùwọ̀n yẹn ló wà nílẹ̀ nígbà tí IOPC, àjọ tó ń wádìí ọlọ́pàá, kéde ní oṣù kẹrin 2025 pé Blake yóò jẹ́jọ́ lórí ìwà àìtọ́ tó burú. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ìjọba ní àwọn yóò dá òṣùwọ̀n ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn padà sí i. Ẹ má fọkàn tẹ ọ̀nà yìí jù. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ti lò rí: lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Jean Charles de Menezes ní Stockwell ní 2005, ẹnikẹ́ni kò fojú ba ilé-ẹjọ́ fún ìpànìyàn, ṣùgbọ́n ní 2007 júrì dá Met fúnra rẹ̀ lẹ́bi lábẹ́ òfin ààbò ẹnu iṣẹ́, owó ìtanràn £175,000.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má ṣe ní kó má lọ síbi ìwọ́de mọ́, kò ní gbọ́. Ẹ ní kó lọ tòun ti ọgbọ́n. Dídúró síbì kan kò nílò kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí. Ìrìn ìwọ́de ló nílò ìwé ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, ẹni tó ṣètò rẹ̀ ló sì jẹ ẹ́ lọ́rùn. Bí ọlọ́pàá bá kéde pé ìwọ́de gbọ́dọ̀ tú ká ní aago báyìí tàbí kó má kọjá òpópónà báyìí, rírú òfin yẹn lè kó o sí àtìmọ́lé, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì mọ̀ pé wọ́n ti kéde rẹ̀. Kó wo ojú ewé Met kó tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá fẹ́ tú àpò rẹ̀ wò, kò pọn dandan kó sọ orúkọ rẹ̀, kó béèrè ìdí àti ìwé àkọsílẹ̀, kó má sì ti ọwọ́ wọn dànù. Bí wọ́n bá mú un, kó sọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí, kó béèrè lọ́yà, ọ̀fẹ́ ni ní tésàn, kó má dáhùn ohunkóhun mìíràn títí lọ́yà yóò fi dé. Kó má gbà caution, ìyẹn ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá ń kọ sílẹ̀ dípò gbígbé ènìyàn lọ sílé-ẹjọ́, torí kó lè tètè délé: gbígbà pé òun jẹ̀bi ni, ó sì máa ń yọjú tí wọ́n bá wo àkọsílẹ̀ ẹni. Bí ó bá ń wakọ̀ tí ọlọ́pàá oníbọn sì dá a dúró, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn níbi tí wọ́n ti lè rí i, kó má wá fóònù, kó má tú bẹ́líìtì àfi tí wọ́n bá ní kó tú u.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè ní ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, kó sọ ọ́ bó ṣe wù ú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kó má fi àdírẹ́sì ọlọ́pàá tàbí ti ìdílé rẹ̀ síta, kó má halẹ̀ mọ́ júrì, kó má sì pín èyí tí ẹlòmíì fi síta. Ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ orí fóònù ń rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ní ìlú yìí. Ẹ sì wo ìwé ìgbélùú rẹ̀: bí kò bá tíì di ọmọ onílùú, fọ́ọ̀mù tó máa kọ yóò béèrè gbogbo ẹ̀sùn, gbogbo caution àti gbogbo ìdájọ́ tó ti gbà, èyí tó bá fi pa mọ́ sì lè ṣe é ní jàǹbá ju ẹ̀ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.